Àgùntàn Gun Ooru Kọjá Odò

Àlọ́ mi gbéra fẹ́ẹ́rẹ́, ó bà lé Àgùntàn lórí. Odò kún, ó sé ọmọ rẹ̀ mọ́ òdìkejì.

Aláǹtakùn hun àpò ńlá fún un, ó so agbọ̀n àti ìkòkò iná sábẹ́ rẹ̀ kí ooru lè kún inú àpò.

Àkùkọ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àgùntàn, ṣé ooru lásán ni yóò gbé ìdí ńlá yìí? Báwo lẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Èmi kì í gòkè láìní okùn tí n ó fi sọ̀," Aláǹtakùn dáhùn. Ó na okùn kan sí Àgùntàn. "Bí ẹ bá kọjá odò, ẹ fà á, orí àpò á ṣí, ooru á jáde."

Àgùntàn wọ inú agbọ̀n, àpò gbéra. Àgùntàn ń kọrin:

Ooru, gbé mi o,
Fẹ́ẹ́rẹ́!
Ọmọ mi ń ké o,
Fẹ́ẹ́rẹ́!

Ó fa okùn, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àkùkọ tó ní apá méjì ṣì wà létí odò, ó ń nàgà wò wọ́n.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sọ̀ sí.