Àdìrẹ Tí Ìbọ̀wọ́ Ò Jẹ́ Kó Yà

Ìwé àdéhùn tí Jọláadé fi ta àwòrán àdìrẹ ìyá rẹ̀ sí Ítálì gùn débi pé ó lè yí Abẹ́òkúta ká lẹ́ẹ̀méje, kò sì kà á tán. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe fẹ́ ya àwòrán náà sára aṣọ tí wọ́n máa fi sin ìyá, ìbọ̀wọ́ ẹ̀rọ tí òfin wọ̀ fún gbogbo aláró gan bí ẹja gbígbẹ.

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà,” ni ìbọ̀wọ́ wí. “Ítálì ló ni àwòrán yìí. Ẹ tọrọ àyè, èsì á dé lóṣù mẹ́ta.”

“Ṣé kí òkú jókòó dè yín ni?”

Ó fi eyín di ìyẹ́ adìyẹ mú, ó rì í bọ ẹ̀kọ láfún, ó ń yà á. Ìlà náà wọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sínú ìkòkò aró. Lónìí, ìyá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, kò rẹ́rìn-ín.