Landlọ́ọ̀dù Ní Òun Ò Buwọ́ Lùwé

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ fa àga yín súnmọ́bí, ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa!

Aránṣọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ṣọ́ọ̀bù tuntun, ó ti gbé ẹ̀rọ wọlé.

Àfi bí Landlọ́ọ̀dù ṣe já wọlé.

"Ta ló ní kó o wọbí? Mo ti ṣèlérí ẹ̀ fún onígbàjámọ̀!"

Aránṣọ yọ fóònù ẹ̀ síta.

"Bàbá, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín pé mo máa san owó ọdún kan. Ẹ fèsì látorí fóònù yín pé ẹ gbà. Mo sì ti sanwó. Àdéhùn ti múlẹ̀ nìyẹn."

"Irọ́! Mi ò tẹ nǹkan kan, mi ò buwọ́ lùwé!"

"Èmi ni mo fèsì," ìyàwó Landlọ́ọ̀dù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀ ń hanrun lọ́wọ́, olówó orí mi."

Landlọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ìyàwó kàn tẹ́ ìwé ilé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Orúkọ ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀.

"Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi, kí n tó mọ̀ yín."

Àṣé Landlọ́ọ̀dù tá a ti ń wárí fún látọjọ́ yìí, ọkọ onílé lásán ni!

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni aránṣọ yìí, kí lẹ máa pè é tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́la?