Ikọ́ Tó Ṣíwájú Orin

"Ìyá, bó bá jẹ́ ti Zoubérou ará Manigri ni, èmi ni kí ẹ bi," ni ọkùnrin tó ń kó orin sínú tẹlifóònù ní ọjà Bassila wí fún ìyá arúgbó kan. "Bó ṣe ń kọ ebè iṣu ló ń kọrin. Láti ìgbà tó ti kú, kò sí orin rẹ̀ tí n kò ní."

"Èyí tó ti wúkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá a tún un ṣe, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo pa ikọ́ yẹn rẹ́. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí."

Ìyá náà wò ó títí. "Ọmọ mi ni Zoubérou. Bó bá ti oko dé, ikọ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti wọlé."

Ọkùnrin náà wá èyí tí kò tíì tún ṣe kiri. Kò sí mọ́.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Níbi tó dákẹ́ yẹn, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìyá náà gbójú sókè, ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Oúnjẹ rẹ ṣì gbóná."