Ẹ̀dà Fídíò Orí Àtẹ̀gùn



Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti já bọ́ lórí àtẹ̀gùn tó sì kú, apá tí fídíò kámẹ́rà ilé wà nínú díìsìkì kọ̀ǹpútà ti ṣófo.

"Mama, ọmọ yín gbọ́n o," ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wí fún ìyá ọkọ mi. "Wákàtí wákàtí ló ń ṣe ẹ̀dà apá yẹn sínú díìsìkì míì. Mo ti ń dá a padà."



Mama di ọwọ́ mi mú pinpin. "Má gbọ̀n mọ́, ìyàwó mi. Òní la máa rí ẹni tó tì í."

Fídíò ti ń ṣí.

Ọwọ́ tí Mama dì mú yìí ni mo fi tì í.