Àdúrà Ìyá Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Gbémiga

Gbémiga ò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ohun tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti sú u nìyẹn. Mówè níbí ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó gbàdúrà ìgbéyàwó sílẹ̀ fún Jésùlayọ̀mi, àbúrò Gbémiga. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó bá kúnlẹ̀, tí mi ò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ́ mi." Gbémiga gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló wà.

Linux ló ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń ṣe. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tó fìdí múlẹ̀, ó máa ń tó ọdún méjì kí wọ́n tó yí i padà. Òmíràn wà tí nǹkan tuntun ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó fìdí múlẹ̀ ni Gbémiga ń lò, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu rí, àmọ́ ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Olúsànyà tó kọ́ ọ níṣẹ́ bi í pé, "Bátìrì rẹ ti kú, iná wa ò sì ṣeé gbára lé. Ṣé èyí tó ń yí lójoojúmọ́ lo fẹ́ máa sá tẹ̀ lé? Ṣé o tiẹ̀ ti da ohùn màmá yín kọ síbòmíràn?"

"Ọ̀gá, ẹ fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ jù. Màá dà á kọ tó bá yá."

Ó pààrọ̀ rẹ̀, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, bí nǹkan tuntun ṣe ń wọlé lọ́wọ́, iná lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ò ṣí mọ́. Oníbàárà kan ti ń dúró dè é, ara Gbémiga ò balẹ̀. Ó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, ó tún gbé ètò náà kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó parí ló rántí ohùn ìyá rẹ̀. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ ìgbéyàwó, Jésùlayọ̀mi kúnlẹ̀ ní pálọ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ wọn."

"Ó ti lọ, Jésùlayọ̀mi. Èmi ni mo nù ún."

Jésùlayọ̀mi ní, "Ẹ bá mi sọ ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Gbémiga gbìyànjú. Ẹ̀rọ ló ń wò lọ́jọ́ tí ìyá wọn gba àdúrà náà, kò fetí sílẹ̀. "Jésùlayọ̀mi, ọmọ mi" nìkan ló rántí. Àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúró de ìyókù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹ bá kó ohun tí kò ṣeé rọ́pò sí, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì dà á kọ síbòmíràn lónìí, kí iná tó lọ.