Orin tí Ẹtu Kò Gbè

Àlọ́ o! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fo Ìjàpá kọjá, ó bà lé orí Ẹtu, ẹran tí wọ́n máa ń pa kí àlọ́ tó dùn.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Kìnnìún tó jẹ́ ọba kì í ṣọdẹ. Ìjàpá ló ń dá orin fún un. Ẹni tí orin bá dárúkọ, tí gbogbo agbo sì gbè é, Kìnnìún á pa á jẹ; wọn á ní ṣebí ìlú ló fọwọ́ sí i. Ẹtu náà ti gbe orin tí wọ́n fi pa ìyá rẹ̀ rí, nítorí orin náà dùn.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá tún dá a:

*Ta lọba ó jẹ lónìí?*
*Jíngbínrín.*
*Ẹtu lọba ó jẹ.*

Ẹtu pa ẹnu mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó tì í ní, "Àǹtí Ẹtu, ẹ gbè é jàre, kí wọ́n má sọ pé ẹ̀ ń ba orin jẹ́."

"Àbúrò mi, ṣé ẹnu tèmi ni wọ́n á fi pa mí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú, ó pa tirẹ̀ mọ́. Òkété gbọ́, òun náà dákẹ́. Kò pẹ́, gbogbo agbo pa rọ́rọ́.

Ìjàpá ní, "Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọ̀dẹ̀."

Ni Ẹtu bá fò sókè, ó dá tirẹ̀:

*Kìnnìún á lọ wáúnjẹ ẹ̀.*
*Jíngbínrín!*

Wọ́n gbè é, igbó mì tìtì. Kìnnìún wo gbogbo ẹnu tó ń kọrin, ó rí i pé wọ́n pọ̀ ju eyín òun lọ. Ó dìde tebitebi, ó gba ọ̀nà oko ọdẹ lọ.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbè, ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń gbè.