Ta Ni Ẹ Ó Fà Mí Lé Lọ́wọ́?

Ọ̀gá Oyèkànmí di Mosúnmọ́lá lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ ní títì bí ẹni ń sin ìyàwó relé ọkọ. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ni: iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kógbá sílé, ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fa òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́. Níléeṣẹ́ bisikíìtì Oyèkànmí, Mosúnmọ́lá nìkan ló kù.

Ní géètì iléeṣẹ́ tuntun, ọwọ́ irin kan yọ jáde lára ògiri; ẹ̀rọ ni ọ̀gá ibẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ fà á lé mi lọ́wọ́."

Mosúnmọ́lá fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. "Ọ̀gá, bó bá rẹ̀ mí, ṣé eléyìí máa mọ̀?"

"Mosún, jọ̀ọ́. Bí n ò bá rí ẹni gbà ọ́, n ò lè ti iléeṣẹ́ mi."

"Ṣebí òfin yẹn náà ló ní ẹ lè fún òṣìṣẹ́ ní ohun tó bá kù? Ààrò bisikíìtì kékeré yín yẹn ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ gbé e lọ sọ́run?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oyèkànmí. Ó wo ọwọ́ irin náà títí. Ó wá mú ọwọ́ ọ̀tún Mosúnmọ́lá, ó fi lé ọwọ́ òsì obìnrin náà.

"Mo fà ọ́ lé ara rẹ lọ́wọ́. Ààrò di tìrẹ."

"Ta wá ni ọ̀gá mi báyìí?"

"Ìwọ ni. Má pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́la o. Mo mọ ọ̀gá yẹn, ẹnu rẹ̀ mú."